Ọjọ́ Tí Alùpùpù Ọ̀gá Mi Kò Rú Èéfín

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí kò ní ba èékánná yín jẹ́, ẹ fara balẹ̀ kí ẹ wo tèmi. Dúdú tó wà lábẹ́ wọn yẹn ti lé ní ogójì ọdún. Mo ti fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, mo ti fi ọṣẹ funfun fọ̀ ọ́, mo ti fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́. Ó ní ilé òun nìyẹn. Sípéà pátì alùpùpù ni mo tà láyé mi, láti Iléṣà títí dé Òkè Baálẹ̀ ní Òṣogbo. Mojísọ́lá ni ìyá mi sọ mí, ṣùgbọ́n Ìyá Pátì ni gbogbo ayé mọ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ìkeje rí mi, ó sá. Síbẹ̀, àwọn tó ka ìwé dé yunifásítì ń wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, wọ́n ń bi mí pé, "Màmá, kí ló ń ṣe máṣìnì mi?"

Ọdún tó kọjá ni mo kó kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé ọmọ mi lọ́wọ́. Mo ní kí ara sinmi. Ara ti ń sinmi. Ẹnu ló kọ̀.

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ kò gùn. Nígbà tí náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ìyá mi ń ta kẹrosíìnì ní Iléṣà. Ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Àjàyí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Mẹkáníìkì alùpùpù ni, ó sì ń ta pátì. Gbogbo ìgbà tí ìyá mi bá wá mi, ẹnu ọ̀nà Ọ̀gá ni yóò ti bá mi.

"Ìyá Mojí," Ọ̀gá wí lọ́jọ́ kan, "ọmọ yín yìí ń wo ẹ́ńjìnnì bí ẹni ń wo ẹran nínú ìṣasùn. Ẹ fún mi kí n kọ́ ọ níṣẹ́."

"Ọmọ obìnrin? Ta ni yóò fẹ́ ẹ pẹ̀lú gíríìsì lára?"

"Ẹni tí máṣìnì rẹ̀ bá bàjẹ́."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí, ó sì gbà. Bí ọkọ mi ṣe wá nìyẹn lóòótọ́. Púlọ́ọ̀gì ló wá rà, ó sì rà á lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Mo bi í pé ṣé ó ń fi sebẹ̀ ni.

Ẹ má bi mí nípa owó tí mo ń gbà nígbà ẹ̀kọ́ṣẹ́. Oúnjẹ wà, ó tó.

Ọmọ Ìwàrà ni Ọ̀gá, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń to sípánà rẹ̀ bí ẹni ń to ìwé orin sórí pẹpẹ. Bí o bá mú ọ̀kan tí o kò dá a padà sí ojú rẹ̀, yóò mọ̀ kí ìwọ alára tó mọ̀. Ẹnu rẹ̀ kò sì mọ "mo ṣe àṣìṣe." Bí ó bá fọ́ nǹkan, nǹkan náà ló jẹ̀bi. Ó fọ́ gíláàsì ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní, "Gíláàsì tí kò lè fara da ọwọ́ ọkùnrin, kí ni ó ń wá nínú ilé?"

Àpò kan wà tó kún fún ògbólógbòó pátì. Láràárọ̀ ni yóò ní kí n di ojú, kí n ki ọwọ́ bọ inú àpò náà, kí n sì dárúkọ ohun tí mo bá mú.

"Kí nìyẹn?"

"Rìngì ni, sà. Rìngì písítìnì."

"Ti máṣìnì wo?"

"Ti... ti..."

"Dá a padà. Oúnjẹ ọ̀sán rẹ wà nínú àpò yẹn. Wá a jáde."

Ẹ̀ṣẹ̀ tó burú jù lọ́dọ̀ rẹ̀ ni kí o pe pátì ní "nǹkan yẹn." Bí o bá ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi na nǹkan yẹn," adití ni yóò dà títí tí a ó fi ti ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Kò sí nǹkan yẹn nínú alùpùpù. Ṣé nǹkan yẹn ni ìyá rẹ ń pè ọ́?"

Òfin kan tún wà tó fi kọ́ mi. Bí o bá fẹ́ ta àlòkù, sọ àrùn rẹ̀ kí o tó sọ iye rẹ̀. "Kábúrétọ̀ yìí dára, ṣùgbọ́n ó máa ń jò bí ó bá gbóná." Lẹ́yìn ìyẹn ni o tó lè dá owó lé e. Àwọn oníbàárà tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi rò pé orí mi kò pé. Nígbà tó yá, wọn kò ra lọ́wọ́ ẹlòmíràn mọ́. Òtítọ́ kì í pa owó, ó kàn máa ń jẹ́ kó pẹ́ dé ni.

Ṣùgbọ́n eré ìje ló gbé orúkọ Ọ̀gá ga. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò mọ̀ pé a ń fi alùpùpù sáré ìje ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Bí ọdún bá dé, wọn a fi ẹfun fa ìlà yí pápá ilé ẹ̀kọ́ kan ká ní Iléṣà, àwọn gìrìpá yóò sì wá láti Òṣogbo, láti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, olúkúlùkù pẹ̀lú máṣìnì tirẹ̀. Ti Ọ̀gá pupa fòò, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kun nọ́ńbà mọ́kàndínlógún sára rẹ̀. Kó lè fúyẹ́, ó tú iná rẹ̀, ó tú mọ́gáàdì, ó tú gbogbo ohun tí kò ràn án lọ́wọ́ láti sáré. Ìyá mi wò ó, ó ní, "Mojí, sọ fún ọ̀gá rẹ pé kí wọ́n wá nǹkan bo máṣìnì yẹn, ìhòòhò ló wà."

Ẹ jẹ́ kí n là yín lọ́yẹ̀ nípa ohun kan kí ọ̀rọ̀ mi lè yé yín. Ẹ́ńjìnnì ayé ìgbà náà, inú bẹntiróòlù gan-an la ti ń po ọ́ìlì rẹ̀ mọ́ ọn. Ọ́ìlì yìí ni kì í jẹ́ kí irin jẹ irin. Bí ó bá wà níbẹ̀, èéfín búlúù yóò máa tẹ̀ lé máṣìnì lẹ́yìn bí ìrù. Bí kò bá sí níbẹ̀, máṣìnì yóò sáré dáadáa fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò nọ́ọ̀kì. Písítìnì yóò gbóná, yóò lẹ̀ mọ́ ibi tó wà, ó parí. Bí oòyì ṣe ń kọ́ ènìyàn náà ni: ìwọ yóò máa rìn, lójijì ilẹ̀ ni ìwọ yóò bá ara rẹ.

Ó di ọjọ́ eré kan. Ọ̀gá ti rọ epo sínú kẹ́ẹ̀gì, ó fún mi ní ìgò ọ́ìlì, ó ní kí n pò wọ́n papọ̀ bí a bá dé pápá. Ohun tí Ọ̀gá kò mọ̀ ni pé mo ti ra ọsàn agbọ̀n kan, mo ti bó o, mo sì ti gbé e pamọ́ sí ìdí igi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Èrò tó máa wá pọ̀, oòrùn sì máa mú. Ẹ sọ fún mi, ta ló máa rí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ tí kò ní ta nǹkan?

Mo ń ta ọsàn lọ́wọ́ ọ̀tún, mo ní kí n fi ọwọ́ òsì po epo. Ọkùnrin kan dúró lórí mi.

"Ọmọge, fún mi ní márùn-ún. Gé orí wọn fún mi. Má gé e jù o!"

"Ẹ̀yin náà ẹ má sọ̀rọ̀ jù, sà, kí n má baà gé ọwọ́."

Mo gé orí ọsàn márààrún. Obìnrin kan tún ní kí n fún òun ní mẹ́jọ. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn Ọ̀gá: "Mojí! Epo dà?" Mo gbé kẹ́ẹ̀gì, mo sáré lọ, mo rọ ọ́ sínú táǹkì.

Wọ́n fọn fèrè, wọ́n gbéra. Gbogbo máṣìnì tó kù ń tu èéfín lẹ́yìn bí ilé tí wọ́n ti ń fi igi tútù dáná. Pupa nọ́ńbà mọ́kàndínlógún nìkan ló ń sáré lọ ní mímọ́, kò sí èéfín kankan lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́.

"Ẹ wo máṣìnì Àjàyí! Kò rú èéfín rárá!"

"Àjàyí mọ iṣẹ́! Ó ti rí oògùn èéfín!"

Èmi nìkan ni mo mọ̀. Mo yíjú wo ìdí igi. Ìgò ọ́ìlì dúró síbẹ̀, ó kún dé ọrùn.

Mo sáré lọ sí etí ìlà ẹfun, mo tú gèlè mi, mo ń fì í, mo ń pariwo pé kí Ọ̀gá dúró. Ọ̀gá rí mi. Ó rò pé mo ń fi ayọ̀ hó fún òun ni. Ọkùnrin tí kì í rẹ́rìn-ín yìí, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó na ọwọ́ sókè, ó tún fún máṣìnì níná sí i.

Ní yíyípo kẹta, ní kọ́nà, a gbọ́ "kàá!" Táyà ẹ̀yìn dúró gbagidi. Ọ̀gá fò kọjá lórí ọwọ́ máṣìnì, ó balẹ̀ pẹ̀lú èjìká. Egungun èjìká rẹ̀ ṣẹ́. Nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ, ohun tó ń sọ ni pé, "Ẹ rọra gbé máṣìnì mi."

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo da ọ́ìlì inú ìgò náà sínú igbó. Nígbà tí Ọ̀gá ti lè lo ọwọ́ kan, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mọ́ ara rẹ̀, òun nìkan ló tú ẹ́ńjìnnì náà. Nígbà tó jáde, àwọn ènìyàn bi í pé kí ló pa á. Ó ní, "Ẹ́ńjìnnì a máa kú." Ó yí padà sí mi, ó ní, "Mojí, láti òní lọ, ìwọ nìkan ni kí o máa po epo ní ṣọ́ọ̀bù yìí." Mo ní nínú ọkàn mi pé, ha, ọkùnrin yìí kò mọ nǹkan kan. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò gbàgbé ọ́ìlì mọ́. Bí mo bá po epo tán, màá fi ìka tọ́ ọ wò, màá fi ra ọwọ́, màá tún gbóòórùn rẹ̀, bí ẹni ń dán ọbẹ̀ ìyá ọkọ wò.

Ọ̀gá ra alùpùpù ògbólógbòó kan lọ́wọ́ katikíìsì tó ti fẹ̀yìn tì, irú rẹ̀ gan-an ni. Ó yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, èmi àti òun la jọ gbé e sínú máṣìnì pupa. Èmi ni mo di bóòtù rẹ̀ torí èjìká rẹ̀ kò tíì san. Kò sọ fún ará ìta pé ẹ́ńjìnnì mìíràn ni. Ẹ́ńjìnnì katikíìsì yìí ló fi gba ipò kìíní ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó tún gbà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó fi eré ìje sílẹ̀. Mo máa ń rẹ́rìn-ín nígbà náà pé bóyá àdúrà ló wà nínú rẹ̀.

Mo gba òmìnira, mo kó wá sí Òṣogbo, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Òkè Baálẹ̀. Iṣẹ́ náà yí padà lójú mi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, páálí la fi ń gé ohun tí a ń tẹ́ sí àárín ẹ́ńjìnnì kó má baà jò. Etí la fi ń yan bíárìn, a ó yí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, a ó gbọ́ bóyá ó ń kùn. Nígbà tó yá, ẹ́ńjìnnì tó ń mu ọ́ìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀ dé, èéfín búlúù bá tirẹ̀ lọ. Ọlọ́kadà pọ̀ bí eṣú. Ayédèrú pátì náà tẹ̀ lé wọn, páálí rẹ̀ ń dán ju ti ojúlówó lọ. Mo ní fáìlì kan, irú èyí tí a fi ń pọ́n àdá, tí mo fi ń ha á níwájú ẹni tó gbé e wá. Irin gidi yóò ké. Ti ayédèrú yóò dákẹ́ bí olè.

Lẹ́yìn náà ni fóònù dé. Oníbàárà kan pè mí:

"Màmá, ṣé ẹ rí fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́?"

"Mo rí i. Mo rí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ, mo tún rí ewúrẹ́ kan."

"Èyí tó wà lábẹ́ yẹn ni mo fẹ́, Màmá."

"Ohun tó wà lábẹ́ ewúrẹ́ tàbí lábẹ́ máṣìnì? Torí mi kì í ta ọmú."

Báyìí ni a ṣe ń bá a bọ̀ tí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọ̀gá ti kú nígbà náà. Mo lọ sí ìsìnkú rẹ̀ ní Ìwàrà, mo sunkún, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́wọ́. Mo ní ọ̀rọ̀ ti tán.

Kò tán. Ní bí oṣù mélòó kan sẹ́yìn, àwọn kan ní Iléṣà kó ara wọn jọ pé àwọn fẹ́ pàtẹ alùpùpù ìje àtijọ́ sórí pápá, kí àwọn ọmọ lè wá wo ohun tí bàbá wọn gùn. Olórí wọn, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní Ẹnjiníà, wá bá mi nílé.

"Màmá, ojú yín la fẹ́ yá. Ìlà iwájú wà fún máṣìnì tí férémù àti ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ ti àkọ́kọ́. Èyí tí wọ́n ti pààrọ̀ nǹkan lára rẹ̀, ìlà ẹ̀yìn. Ohun tí ẹ bá sọ la máa kọ sórí páálí iwájú rẹ̀."

Ta ló máa kọ irú ọlá bẹ́ẹ̀? Mo wọ bàtà mi tó dára jù.

Ọjọ́ náà, inú mi dùn jù. Mo ń lọ láti máṣìnì dé máṣìnì, èrò ń tẹ̀ lé mi. Ọkùnrin kan dúró níwájú tirẹ̀, ó ní, "Màmá, bàbá àgbà mi ló fi èyí sáré. Kò sí ohun tí a fọwọ́ kàn lára rẹ̀."

Mo ní, "Bàbá àgbà rẹ ti kú kí wọ́n tó rọ ẹ́ńjìnnì yìí. Èmi ni mo tà á fún ọ. O ní kí n tìtorí oyè rẹ dín owó rẹ̀ kù."

Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ti máṣìnì rẹ̀ sí ẹ̀yìn. Mo ń rẹ́rìn-ín lọ sí èyí tó kàn, mo gbójú sókè. Pupa. Nọ́ńbà mọ́kàndínlógún.

Rẹ̀mí, àbíkẹ́yìn Ọ̀gá, ló dúró tì í. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni ní Òṣogbo. Wọn kò tíì bí i nígbà tí Ọ̀gá ṣubú. Ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá, àwọn ará ìjọ wá, olúkúlùkù na fóònù sókè láti ya fọ́tò. Lórí ìwé tó fi sílẹ̀, ó kọ ọ́ pé férémù àti ẹ́ńjìnnì, ti àkọ́kọ́ ni.

"Màmá, èyí ńkọ́?" ni Ẹnjiníà bi mí. "Ti ọ̀gá yín nìyí. Ìlà iwájú, àbí?"

Mo kúnlẹ̀ bí ẹni ń wò ó. Kí ni mo fẹ́ wò? Bóòtù tí mo fi ọwọ́ mi dì ni. Ènìyàn méjì péré ló mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì katikíìsì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan sì wà nínú ilẹ̀. Bí mo bá ní "ojúlówó," kò sí ẹni tó máa já mi nírọ́. Bí mo bá ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, wọn yóò bi mí pé kí ló pa ti àkọ́kọ́. Ọkùnrin tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́ sì wà lẹ́yìn mi, ó ká ọwọ́ gbera, ó ń wò mí.

Mo dìde. "Rẹ̀mí, ọmọ mi, férémù jẹ́ ti àkọ́kọ́. Ẹ́ńjìnnì kọ́."

"Àǹtí Mojí, kí lẹ wí?"

Obìnrin kan nínú àwọn ará ìjọ ní, "Ṣé Màmá yìí ṣì ń ríran ṣá?"

"Mo ń ríran," mo dá a lóhùn. "Wíìgì rẹ ti yí sẹ́yìn." Lẹ́yìn náà ni mo sọ̀rọ̀ sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́. "Ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ nọ́ọ̀kì lórí pápá. Ọ̀gá ní kí n po epo, mo ń ta ọsàn, mi ò po ọ́ìlì mọ́ ọn. Èmi ni mo pa á. Èmi ni mo ṣẹ́ Ọ̀gá léjìká. Wọ́n kú, wọn kò mọ̀."

Rẹ̀mí sún mọ́ mi.

"Ẹ̀yin kẹ̀?" ó wí. "Bàbá ní àwọn ni."

"Àwọn wo?"

"Bàbá! Màámi ló sọ ọ́ fún mi. Nígbà tí Bàbá délé pẹ̀lú èjìká tí wọ́n so, Bàbá ní àwọn ni àwọn gbàgbé ọ́ìlì. Mo rò pé wọ́n tún ẹ́ńjìnnì yẹn ṣe ni, mi ò mọ̀ pé wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Màámi ní, 'Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí ẹ kì í gbàgbé sípánà? Ọmọ yẹn ló po epo.' Bàbá wá bínú. Wọ́n ní, 'Bí o bá sọ bẹ́ẹ̀ síta, ọmọ yẹn kò ní fọwọ́ kan irin mọ́ láyé rẹ̀. Èmi ni mo gbàgbé. Ó parí.'"

Ọkùnrin tí kò gbà rí pé òun ṣe àṣìṣe, tí gíláàsì jẹ̀bi lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹyọ àṣìṣe kan ṣoṣo tó gbà ní gbogbo ayé rẹ̀, tèmi ni.

Ẹnjiníà wú ikọ́. Ó mú páálí àti báírò. "Ó dáa, ìlà ẹ̀yìn ni. Ṣùgbọ́n ta ni kí n kọ pé ó pa ẹ́ńjìnnì?"

"Ẹ kọ Bàbá mi," Rẹ̀mí wí. "Bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn."

"Rárá o," mo ní. "Bàbá rẹ ti ru ẹrù mi pẹ́. Jẹ́ kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

"Àǹtí Mojí, ọ̀rọ̀ òkú ni o. A kì í yí i padà."

"Èmi tó wà láàyè ń sọ̀rọ̀, o ń fi òkú dẹ́rù bà mí. Fún mi ní báírò yẹn."

Mo gbé páálí lé orí ìjókòó máṣìnì. Mo kọ ọ́ fúnra mi, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, mi ò kánjú: Mojísọ́lá, ọmọ iṣẹ́ Àjàyí, ló pa ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́. Èmi àti Rẹ̀mí la ti máṣìnì náà lọ sí ìlà ẹ̀yìn, a kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wa fọwọ́ kàn án. Wọ́n gbé àga fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì jókòó, mo ń dá àwọn tó ń ka páálí náà lóhùn.

Kí ó tó di ọ̀sán, gbogbo èrò ti wá yí wa ká ní ìlà ẹ̀yìn, kò sí ẹnì kan tó kù ní ìlà iwájú.